Ooru Ilẹ̀ Hausa àti Bátìrì Ọkọ̀ Hybrid: Ohun tí Ó Yẹ kí Àwọn Ará Wa Mọ̀ kí Oṣù Kẹta Tó Dé

Ojú ewé tí ó kángun sí èyí ni ẹ ó ti ka ìròyìn ìkómọ, ìgbéyàwó àti àwọn àgbà wa tí wọ́n ti wàjà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ níhìn-ín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí rárá.

Ọyẹ́ ń lọ, ooru ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé Kánò, Sókótó, Maiduguri tàbí Yola láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún kò fẹ́ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí ooru jẹ́ fún òun. Bazara ni àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pe àkókò náà. Ní Kánò níhìn-ín, ọ̀sán gangan a máa sún mọ́ ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Sókótó àti Maiduguri, a máa rékọjá rẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́. Àwọn ará wa ní Jos, tí wọ́n jókòó sórí òkè tí ó ga tó 1,200 mítà, lè máa fi wá rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yìí náà, nítorí ọkọ̀ wọn kì í dúró sí Jos nìkan.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo tí a ń rà ní iye tí kò tó N200 fún lítà kan ti gun òkè lọ. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, lítà kan ti ju N1,000 lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Láti ìgbà náà ni àwọn ará wa ti ń wá ọkọ̀ tí kì í jẹ epo púpọ̀. Bí ẹnìkan bá sì lọ sí ọjà ọkọ̀ Tòkunbọ̀, wọn yóò fi Toyota Prius hàn án, wọn yóò fi Camry Hybrid hàn án, bí owó rẹ̀ bá sì tó, wọn yóò fi Highlander tàbí Lexus hàn án. Àwọn kan nínú wa ti fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra irú ọkọ̀ yìí. Àwọn kan ń fi tiwọn gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, àwọn mìíràn ń fi ṣiṣẹ́ kábúkábú. Owó tí wọ́n ná sí i kì í ṣe owó tí a rí he lójú ọ̀nà.

Nínú ìpàdé alájẹṣẹ́kù ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ wọ̀nyí ń sọ pé ọkọ̀ tí ń ṣọ́ epo jẹ nínú oṣù Kẹjọ, nígbà òjò, a máa di ọ̀jẹun kíún nígbà tí oṣù Kẹrin bá dé. Àwọn kan ní ọkọ̀ hybrid kò bá ilẹ̀ yìí mu rárá, pé ọkọ̀ òyìnbó onílẹ̀ tútù ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Arizona àti Texas ní Amẹ́ríkà gbóná bí ilẹ̀ tiwa, àwọn ènìyàn sì ń wa ọkọ̀ hybrid níbẹ̀. Ohun tí a rí nígbà tí a wádìí ọ̀ràn náà ni pé ooru nìkan kọ́ ni ó ń ba bátìrì jẹ́ níhìn-ín. Eruku ọyẹ́ ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Toyota ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà lọ́pọ̀ yanturu, ní ilẹ̀ Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Prius ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú rẹ̀ tí ń jẹ epo bí ti ọkọ̀ gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ iná mànàmáná tún wà pẹ̀lú rẹ̀, bátìrì ńlá sì wà lẹ́yìn tí ń bọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀ lásán, agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré ṣòfò di ooru lára bíréèkì. Nínú ọkọ̀ yìí, ẹ̀rọ iná a máa gba púpọ̀ nínú agbára náà, a sọ ọ́ di iná, a sì kó o sínú bátìrì. Nígbà tí ẹ bá tún gbéra, iná yẹn ni yóò ti ọkọ̀ síwájú, ẹ́ńjìnnì yóò sì sinmi. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ hybrid fi ń jẹ èrè láàrin ìlú ju ojú ọ̀nà tí ó lọ geere lọ. Sún kẹ̀rẹ̀ fà kẹ̀rẹ̀ tí ń ba epo ọkọ̀ mìíràn jẹ́ ni oúnjẹ tirẹ̀.

Gbogbo èrè náà wà lọ́wọ́ bátìrì ńlá yẹn. Kì í ṣe ẹyọ kan bí èyí tí a mọ̀. Nínú Prius tí wọ́n ṣe láti ọdún 2004 sí 2009, ege 28 ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìwé inú àpótí. Sẹ́ẹ̀lì 6 ni ó wà nínú ege kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ agbára wọn sì jẹ́ fóltì 201.6. Níkẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ hybrid tí ó tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ ń lo lítíọ́ọ̀mù, irú èyí tí ó wà nínú fóònù wa. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì náà kún dẹ́múdẹ́mú, kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ tán. Àárín ni ó ń fi í sí nígbà gbogbo kí ó lè pẹ́. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, ó lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Nísinsìnyí, kí ni ooru ń ṣe fún un? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe ògì mọ ìdáhùn rẹ̀ ju wa lọ. Àgbàdo tí a rẹ sómi nígbà ọyẹ́ kì í tètè kan, ṣùgbọ́n nígbà ooru, kí ilẹ̀ ó tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì ó ti kan. Bẹ́ẹ̀ ni inú bátìrì. Ohun tí ń gbó díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa gbó kíákíá bí ó bá gbóná. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣe ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, irú ìgbó bẹ́ẹ̀ a máa yára tó ìlọ́po méjì. Omi inú rẹ̀ yóò máa gbẹ, agbára tí ó lè gbà mọ́ra yóò máa dínkù. Àwọn ege tí ó wà láàrin gbùngbùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú, nítorí ooru kò rí ọ̀nà jáde níbẹ̀ bí ó ti ń rí i ní ẹ̀gbẹ́.

Èyí jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́. Ti ọjọ́ òní náà wà, òun ni ó sì kan epo tí ẹ ń rà. Nígbà tí bátìrì oníníkẹ́ẹ̀lì bá gbóná jù, iná tí a ń kó sínú rẹ̀ kì í wọlé tán. Apá kan nínú rẹ̀ ń di gáàsì àti ooru lásán, ooru náà a sì tún mú bátìrì gbóná sí i. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò ní káwọ́ lẹ́yìn máa wò ó. Bí ó ti rí i pé bátìrì ti gbóná kọjá ààlà, yóò dín iná tí ń wọlé kù, yóò sì dín iná tí ń jáde kù. Bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹ ìbá rí kó nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì yóò ṣòfò, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa dá ṣiṣẹ́ nìkan. Ọkọ̀ tí ẹ rà nítorí iná wá ń fi epo gbé bátìrì wúwo kiri bí alábàárù. Ohun tí àwọn ará wa rí ní oṣù Kẹrin nìyẹn.

Ibi tí ó yẹ kí a dúró sí dáadáa wá dé. Bátìrì yìí ń mí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ hybrid ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó tà á fún wọn kò sì sọ fún wọn. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí a dárúkọ lókè yìí, fáànù kan wà tí ń fa afẹ́fẹ́ láti inú ọkọ̀, níbi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín jókòó sí, tí ó sì ń fẹ́ ẹ sí àárín àwọn ege bátìrì. Nínú Prius, ihò tí ó ń gbà fa afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Nínú Camry Hybrid ti ọdún 2007 sí 2011, ó wà lórí pẹpẹ tí ó wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, lábẹ́ gíláàsì. Ti Highlander wà lábẹ́ ìjókòó àárín. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí nínú ọkọ̀ ni bátìrì ń mí.

Ẹ wá wo ohun tí àwa ń ṣe. Lórí pẹpẹ ẹ̀yìn Camry ni ẹlòmíràn tẹ́ aṣọ òkè sí fún ẹwà, tí ó to Bíbélì, agboòrùn àti páálí tíṣù lé e lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó Prius ni a ń kó àpò ìwé àwọn ọmọ sí. Èyí tí ó wá burú jù ni eruku. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì ni ọyẹ́ ń kó eruku wá láti ìhà Chad, eruku tí ó kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀, tí kì í bìkítà pé a ti gbé gíláàsì sókè. Fáànù bátìrì ń fa eruku yìí lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Eruku a lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, irun orí àti òwú aṣọ a sì fi í ṣe ibùsùn. Ní gbogbo àkókò náà ọkọ̀ kò ní ṣàìsàn, nítorí òwúrọ̀ tutù, ọ̀sán kò sì gbóná jù. Ìgbà tí oṣù Kẹta bá dé, tí bátìrì wá nílò afẹ́fẹ́ gidi, imú rẹ̀ ti dí pátápátá. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọ̀kan nínú àwọn ará wa ní Sabon Gari gbà wá láàyè láti sọ tirẹ̀, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Ó ra Camry Hybrid kan nínú oṣù Keje, ó sì gbádùn rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òjò. Nígbà Àjíǹde tí ó tẹ̀ lé e, ó kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin sínú rẹ̀, ó di Ìbàdàn, ìrìn tí ó ju 800 kìlómítà lọ. Wọn kò tíì dé Zaria tí ìkìlọ̀ fi yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ọkọ̀ kò sì lágbára mọ́. Wọ́n rọra yí padà. Mẹkáníìkì tí ó kọ́kọ́ wò ó ní bátìrì ti kú, pé òmíràn ni kí ó lọ rà, owó tí ó sì pè tó kí a fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Ọkọ ti fẹ́ lọ yáwó. Ìyàwó, tí ó jẹ́ oníṣòwò tí kì í ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ní àfi kí ẹlòmíràn tún wò ó. Ríwáyà kejì tú ẹ̀yìn ọkọ̀, ó yọ fáànù náà, ó sì gbé e fún wọn wò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi irun àgùntàn dí i. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n dá a padà, wọ́n pa ìkìlọ̀ rẹ́. A rí ọkọ̀ náà ní iwájú gbọ̀ngàn wa ní Sátidé tí ó kọjá, ó ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń parí báyẹn o. Ará wa mìíràn tí ń fi Prius ṣe kábúkábú ti rí ìkìlọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń ní kí wọ́n bá òun pa á rẹ́ ṣáá. Nígbà tí wọ́n máa fi tú tirẹ̀, fáànù dí, àwọn ege àárín sì ti wú. Kò sí fífọ̀ tí ó lè jí wọn. Wọ́n bá a pààrọ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí méjì mìíràn tún fi dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ege tuntun àti ege arúgbó kì í fa ẹrù dọ́gba. Ìmọ̀ràn wa ni pé bí ó bá ti di pé ege ju ọ̀kan tàbí méjì lọ ni ó kú, ẹ má fi owó ṣòfò sí ìlẹ̀mọ́lẹ̀.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá fáànù ni tàbí bátìrì, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka ọkọ̀ náà lójú yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí ó bá yọ sílẹ̀. P0A82 túmọ̀ sí pé fáànù bátìrì kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. P0A80 ni ó ń sọ pé bátìrì fúnra rẹ̀ ti gbó. Àwọn méjèèjì lè yọ papọ̀. Bí ó bá jẹ́ P0A82 nìkan ni ó yọ, tí ẹnìkan sì ní kí ẹ ra bátìrì tuntun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé láti kìlọ̀: wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn, tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn, iná tí ó ju fóltì 200 lọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń pa ènìyàn. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ hybrid kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ pé ó ti ṣe ríwáyà fún ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ni ó tún fa àríyànjiyàn láàrin wa. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wa Peugeot 504 mọ̀ pé bí a bá pa á, epo yóò dínkù, òtítọ́ sì ni. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ agbára sọ pé nígbà tí ooru bá mú gan-an, ẹ̀rọ amúlétutù lè jẹ́ kí ọkọ̀ lásán pàdánù ju ìdá mẹ́rin lọ nínú ìrìn tí ó ìbá fi lítà kan rìn, pàápàá bí ìrìn náà bá kúrú, àti pé ìpàdánù ti hybrid lè tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé láti Prius ti ọdún 2004 ni iná bátìrì ńlá ti ń yí ẹ̀rọ amúlétutù náà. Bí ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, iná bátìrì yóò máa lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì jí láti kún un, ẹ ó sì máa jẹ epo láìrìn.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n pa tiwọn pátápátá láti fi ṣọ́ epo ná. Níbi yìí ni ọkọ̀ hybrid ti yàtọ̀. Bí inú ọkọ̀ bá gbóná tó ìwọ̀n 45, afẹ́fẹ́ oníwọ̀n 45 ni bátìrì ń mí. Ohun tí ẹ jèrè nídìí epo, ẹ ó san án padà nídìí bátìrì, owó bátìrì sì pọ̀ ju owó epo ọdún kan lọ fún ẹni tí kì í rìn púpọ̀. Lójú tiwa, ẹni tí ó ń wa hybrid ní Kánò ní ọ̀sán oṣù Kẹrin kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ amúlétutù. Kí ó lò ó pẹ̀lú ọgbọ́n ni. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ tí oòrùn ti pa, ẹ ṣí gbogbo gíláàsì sílẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé gíláàsì sókè kí ẹ tó tan ẹ̀rọ náà. Ẹ yí i sí ibi tí ó ti ń tún afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tutù, dípò èyí tí ń fa ti ìta. Ẹ fi í sí ìwọ̀n 24 tàbí 25. Ìwọ̀n 18 tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn kò sí fún bátìrì, àṣà ni. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, gíláàsì tí a ṣí sílẹ̀ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí eré bá pọ̀, nítorí náà kò sí èrè níbẹ̀.

Kí a má baà fi gbogbo ẹ̀bi lé ooru lórí, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun rere rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa tètè gbóná dé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dára nígbà ooru, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́ láti là kọjá. Àwọn ará wa tí wọ́n ti wa hybrid ní ilẹ̀ yìnyín lè jẹ́rìí: ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan náà ní ọkọ̀ hybrid lè pàdánù tó ìdá mẹ́ta nínú ìrìn kúkúrú láàrin ìlú nígbà òtútù líle. Bí bátìrì bá rí afẹ́fẹ́ tútù mí, ìgbà ooru tiwa kò burú tó ìyẹn.

Ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona tẹ ìwádìí kan jáde nípa ọkọ̀ tí a gbé sójú oòrùn ní ọjọ́ tí ooru ìta ju ìwọ̀n 38 lọ. Láàrin wákàtí kan, inú ọkọ̀ náà ti tó ìwọ̀n 47, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ti tó 69. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ ibòji kò ju ìwọ̀n 38 lọ nínú. Igi dógóyárò kan ní iwájú ilé ju ohun èlò olówó iyebíye lọ. Ẹni tí kò bá ní igi, kí ó ra páálí tí ń dán tí a ń fi bo gíláàsì iwájú. Nígbà tí a wà lórí rẹ̀: àwọn onímọ̀ náà kò ṣe ìwádìí yẹn nítorí bátìrì. Nítorí àwọn ọmọdé tí a ń gbàgbé sínú ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ọmọ sínú ọkọ̀ kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ sáré ra búrẹ́dì.

Ó ku díẹ̀. Nínú ọkọ̀ Toyota wọ̀nyí, omi rédíétọ̀ kejì wà tí ń tu ẹ̀rọ tí ń pín iná kiri lójú, ìkòkò rẹ̀ sì dá dúró. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣí i wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má sì bu omi kànga sí i. Omi tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò. Bátìrì kékeré fóltì 12 náà wà, ooru sì ń pa òun náà. Bí ó bá kú, ọkọ̀ kò ní tan rárá, ẹlòmíràn a sì rò pé bátìrì ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn kékeré kí ẹ tó sunkún ńlá.

Fún àwọn tí wọ́n ń múra láti rà, igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ má ṣe dán ọkọ̀ hybrid wò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ wà á láàrin ìlú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ máa wo àwòrán bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ó bá ń kún kíákíá tí ó sì ń gbẹ kíákíá láìsí pé ẹ sáré, bátìrì náà ti rẹ̀. Bí fáànù ẹ̀yìn bá ń pariwo wùù wùù láìdákẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè. Ìgbìmọ̀ alájẹṣẹ́kù ti pinnu pé ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó láti ra irú ọkọ̀ yìí yóò mú ìwé àyẹ̀wò bátìrì wá kí a tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan ti ń kùn sí i. Kí wọ́n máa kùn.

Ní Sátidé kejì oṣù Kejì, lẹ́yìn ìpàdé, ríwáyà kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ó kọ́ iṣẹ́ hybrid, yóò wà nínú ọgbà gbọ̀ngàn wa láti aago mẹ́wàá. Yóò fi ibi tí fáànù wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan han àwọn onílé àti àwọn dẹ́rẹ́bà, yóò sì fọ̀ ọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Kí olúkúlùkù mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti aṣọ gbígbẹ lọ́wọ́, kí a sì ti kó àpò ìwé àwọn ọmọ kúrò lẹ́yìn kí a tó dé. Ẹni tí ìkìlọ̀ bá ti yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó má wa ọkọ̀ náà wá. Kí ó rán ọmọ sí akọ̀wé, a ó bá a níléé rẹ̀.